Irọ́ Tí Àwa Fúnra Wa Sọ Di Òótọ́ ní Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olùkọ́ máa ń bi mí nípa ìyanṣẹ́lódì wa ní Ìkọ̀lé bí ẹni pé ogun àtijọ́ ni. Kò tíì pẹ́ rárá. Ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ̀yìn tì ni, nígbà tí àgbàdo tuntun ń jáde, fóònù sì ti wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Fóònù náà gan-an ló dá wa lóró.

Ìjọba lé Àdùnní, ẹlẹgbẹ́ wa, kúrò lẹ́nu iṣẹ́ nítorí pé ó kọ̀ kí àwọn olóṣèlú fi kíláàsì rẹ̀ ṣèpàdé nígbà tí àwọn ọmọ ń kàwé lọ́wọ́. A ní a ò ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi dá a padà. Èmi ni alága àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́ olùkọ́.

Ọmọ mi ti fi ojú ewé kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pẹrẹsẹ báyìí, kò ní àwòrán, kì í jẹ dátà. Èèyàn á yan àwọn ìwé ìròyìn àti rédíò tó bá fẹ́, òun á sì máa kó àkọlé ìròyìn wọn jọ síbì kan, èyí tó dé kẹ́yìn á wà lókè. Láràárọ̀ ni mo ń kà á fún àwọn olùkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ẹgbẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í káàkiri: "Ìyanṣẹ́lódì ti parí. Kí gbogbo olùkọ́ wọlé lọ́la." Mo ṣí ojú ewé mi. Kò sí ìwé ìròyìn kan tàbí rédíò kan tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo pe alága gbogbo ẹgbẹ́ wa, òun náà ò gbọ́ nǹkan kan. Ni mo bá pe Akin, akọ̀wé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu.

"Akin, irọ́ ni o! Kò sí nínú ìròyìn kankan."

"Màmá, ẹ̀gbọ́n mi ní Ìdó ló fi ránṣẹ́ sí mi."

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ?"

"Háà, Màmá! Ṣé kí n wá sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ń purọ́ ni?"

"Mi ò ní ó ń purọ́. Mo ní kí o jókòó sí ulé lọ́la!"

"Ẹ má bínú, Màmá. Ojú ewé yín yẹn, ta ni bàbá rẹ̀? Ẹ̀gbọ́n tèmi, mo mọ̀ ọ́n."

Díẹ̀ ló kù kí n la fóònù mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń pe ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni òmíràn ń dárúkọ àna rẹ̀ tàbí pásítọ̀ rẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àwọn olùkọ́ wọlé. Lọ́sàn-án, mo ṣí ojú ewé mi, ìròyìn náà sì wà lókè téńté: àwọn olùkọ́ Ìkọ̀lé ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Akin pè mí tayọ̀tayọ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? Ó ti wà nínú ìròyìn!"

Inú bí mi, mo sì pa fóònù mọ́ ọn létí. Òótọ́ sì ni ìròyìn náà. Àwa la fẹsẹ̀ ara wa rìn lọ sọ ọ́ di òótọ́. Ìjọba ò tún pè wá sí ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ Àdùnní mọ́.

Mi ò ní ṣépè fún ìjà náà. Láti ìgbà yẹn, olóṣèlú kankan ò tún lé ọmọ jáde ní kíláàsì nítorí ìpàdé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí irọ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ìlú Ìsàn ni Àdùnní wà báyìí, ó ń gbin ẹ̀gẹ́. Ó ṣì máa ń pè mí láàárọ̀. "Màmá, ṣé wọ́n ti dárúkọ mi?" Mo máa ń ka ojú ewé náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí n tó sọ fún un pé rárá.