Onídán Tó Wàásù ní Àyèká

Mo kórìíra ọkùnrin náà dé òní, n kò sì ní fi bò. Ajíhìnrere ló pe ara rẹ̀. Onídán ni mo pè é. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tó dé sí Àyèká pẹ̀lú kóòtù dúdú nínú ooru tiwa yìí, ó gbé àpótí kan lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Ìjọ Aládùúrà tí ìyá mi ń lọ ló gbà á lálejò. Ìjọ yìí kan náà ló lé àgbẹ̀ kan jáde nítorí òrùka tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Wọ́n ní òrùka oògùn ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníkóòtù fa aṣọ gígùn aláràbarà jáde láti inú etí alàgbà, halelúyà ni wọ́n ń ké. Ká ní ọmọ Ìkálẹ̀ tiwa ló dán an wò níbi ọdún ìbílẹ̀, wọn ì bá ti gbààwẹ̀ lé e lórí!

Lẹ́yìn náà ló mú ọsàn mẹ́ta. Ó ní ọ̀kan ni Baba, ọ̀kan ni Ọmọ, ọ̀kan ni Ẹ̀mí Mímọ́. Ó ń jù wọ́n sókè, ó ń hán wọn, ó ń pariwo pé wọn kò lè ya ara wọn láéláé. Kò pẹ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin. Ó ní Èṣù ló gbá òun lọ́wọ́. Mo bú sẹ́rìn-ín, ìyá mi sì fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ti omi ló wá bà á jẹ́. Ó na aṣọ funfun kan tí yíǹkì ti ṣe dúdú, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ wa rèé. Ó rì í bọ inú abọ́ omi kan, ó gbọ̀n ọ́n, aṣọ di funfun. Iwájú ni mo jókòó sí, òórùn omi náà sì ta mí nímú. Oògùn tí a fi ń pa àbàwọ́n lára aṣọ ló wà níbẹ̀.

Eré lásán ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹ́ni yìí kò bèèrè irú ilé tó wọ̀. Ní ìjọ Aládùúrà, omi tí a bá ti gbàdúrà sí kì í ṣòfò. Oògùn ni, ìgò sì ni kálukú ń gbé wá sí ìsìn. Kó tó ṣe àmín tán, ìgò ti tò síwájú rẹ̀. Ti ìyá mi ló ṣáájú.

Funfun kan ti ń bo ojú ìyá mi díẹ̀díẹ̀. A ti bá dókítà ojú sọ̀rọ̀ ní Ìbàdàn, ó ní òun lè fi ọ̀bẹ ṣí i kúrò. Ọjọ́ Ajé la ó lọ, mo ti bẹ awakọ̀ lọ́ọ̀rì kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀bẹ ń ba ìyá mi gidigidi.

Ó na ìgò rẹ̀. "Ènìyàn Ọlọ́run, ẹ bù fún mi, kí n fi bọ́ ejú mi."

Ọkùnrin náà mọ ohun tó wà nínú abọ́. Ó wo ìgò, ó wo àwọn èèyàn tó ń wò ó, ó ní, "Kí ó rí fún yín gẹ́gẹ́ bí ìgbàgbọ́ yín."

Mo dìde. "Ẹ kọ́kọ́ fi bọ́ ojú tiyín ná."

Ó ní ojú tòun kò ṣàìsàn. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ariwo ta! Ẹnìkan fa ìró mi ya. Àwọn mìíràn kúnlẹ̀, wọ́n ń fi ilẹ̀ tútù náà ra orí.

Mo lé e bá lẹ́yìn ilé ìsìn. Mo bẹ̀ ẹ́, èmi tí mo ti kẹ́gàn rẹ̀ tán. "Ẹ sáà sọ fún ìyá mi pé eré ni, kó lè tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà."

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. "Arábìnrin, tí mo bá sọ ìyẹn, ta ni yóò tún gba ìyókù ìwàásù mi gbọ́?"

Ojo lásánlàsàn! Ó gbé àpótí rẹ̀, ó kọrí sí ìlú Igbódìgò.

Lọ́jọ́ Ajé, lọ́ọ̀rì dúró níwájú ilé, awakọ̀ fọn fèrè títí ó fi sú u. Mo ní, "Iye, ẹ dìde ká lọ." Ìyá mi kò kúrò lórí ẹní.

"Ọma mi, ìwọ lo da ejú mi nù. Ènìyàn Ọlọ́run á padà wá, òun ni mò ń retí."

Kò padà wá. Ìyá mi kò sì jẹ́ kí a dárúkọ dókítà mọ́ létí òun. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi, mo gbé e lé ìyá mi lẹ́sẹ̀. Ó fi ìka wá imú ọmọ náà, ó wá ẹnu rẹ̀, ó bi mí pé ta ló jọ.

Mo ní, "Iye, ẹ̀yin ló jọ."