Ohùn Ọ̀gá Lẹ́nu Ọmọ Efire

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀yin ọmọ mi, kò sí fóònù tí a lè gbé sókè kí á fi ya ara wa nígbà tí a bá ń ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n yẹ̀yẹ́ ń bẹ, ó sì pọ̀. Bí mo bá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé mi ní Àgọ́-Ìwòyè níbí, tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ẹ háyà yàrá lọ́dọ̀ mi ń sín àwọn olùkọ́ yín jẹ níwájú fóònù, tí ẹ rò pé ìyá àgbà ń tòògbé, n kì í tòògbé. Ẹ̀rín yín ló ń gbé mi lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, sí ilé ìwé tí mo ti gbé inú ọgbà rẹ̀ títí mo fi dé kíláàsì karùn-ún. Mo mọ ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè ṣe ìdajì rẹ̀. Ẹ má bínú, òótọ́ ni mo sọ.

Ọmọ Efire ni, létí ọ̀sà lọ́hùn-ún. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ọmọ ìjọ Aládùúrà sì ni. Bí ìsinmi bá parí, ọkọ̀ ojú omi ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ wọ̀ kó tó wá wọ lọ́rì, àpótí rẹ̀ a sì máa ta sánsán ẹja yíyan débi pé a ti máa ń mọ̀ pé ó dé kí ojú wa tó kàn án. Kò sí ẹni tí kò lè sín jẹ. Ó ń sín olùkọ́ ìṣirò jẹ, ó ń sín ẹni tó ń kọ́ wa lórin jẹ, ó ń sín ìyá tó ń se oúnjẹ wa jẹ níṣojú ìyá náà fúnra rẹ̀. Bí o bá bi í pé ṣé ó ti jẹun, ohùn ẹlòmíràn ni yóò fi dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ilé ìwé wa ló mọ̀ ọ́n sín jẹ jù. Àlùfáà ni Ọ̀gá, ọmọ bíbí Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkùnrin tó máa ń wúkọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, tí yóò sì wá fa "ẹ̀yin ọmọ yìí" gùn bí ẹni ń fa okùn omi láti inú kànga. Bí ọmọ Efire bá wúkọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn wa, gbogbo wa la máa dìde dúró.

Àṣà kan wà ní ilé ìwé wa. Bí ìdánwò àṣejáde bá ti ń súnmọ́, ilé ìdáná a máa se ìkọ̀kọrẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún nìkan, wọn a sì jẹ ẹ́ níṣojú àwọn àbúrò wọn, kí ó lè dùn wọ́n. Láti kíláàsì kìíní ni mo ti ń dá itọ́ mì, tí mo ń retí ọdún tèmi. Ẹ̀yin tí kì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú, ewùrà ni wọ́n máa ń rin, tí wọn yóò dà á díẹ̀díẹ̀ sínú ọbẹ̀ ata tó ń hó, tí ẹja yóò sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹja yẹn gan-an ni oúnjẹ náà. Ọdún tiwa wá dé, Ọ̀gá sì kéde pé kò ní sí ìkọ̀kọrẹ́, nítorí àwọn àgbà ìjọ tó ni ilé ìwé ń bọ̀ wá bẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ló sì ni ẹja yíyan tó wà nínú agbọ̀n ní ilé ìdáná. Ẹ wo bí inú ṣe bí wa tó! Ó dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kí á lọ láìdágbére.

Ọmọ Efire kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí èéfín kún ilé ìdáná, tí omijé ń bọ́ lójú ìyá tó ń se oúnjẹ, ó lọ dúró sẹ́yìn ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwa yòókù fara pamọ́ sábẹ́ igi gúáfà. Ó wúkọ́. "Ìyá," ló wí, "ẹ se ìkọ̀kọrẹ́ fáwọn àgbà ọmọ yìí lónìí o. Òbòkún inú agbọ̀n yẹn ni kí ẹ fi sí i. Ẹ má fi pańla bà á jẹ́." Ìyá ní, "Ó dáa, Ọ̀gá," ó sì kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́ fún ògiri. Mo ki etí aṣọ mi bọ ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín sókè.

Ìkọ̀kọrẹ́ ọjọ́ náà, n kò tíì jẹ irú rẹ̀ mọ́ láyé. Mo ti se é nílé ọkọ, mo ti jẹ ẹ́ níbi ayẹyẹ ńláńlá, kò rí bákan náà. A lá abọ́, a tún lá ìka, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin sì ń wò wá bí ẹni tí wọ́n yàn jẹ.

Nígbà tó di Sátidé, ẹ̀wà ni àwọn àgbà ìjọ jẹ. Bí wọ́n ti lọ tán ni Ọ̀gá wọ ilé ìjẹun, tó bi ìyá pé ẹja dà. Ìyá káwọ́ lérí. "Yéè pàripà! Ọ̀gá, ẹ̀yin náà lẹ pàṣẹ! Ẹ tilẹ̀ ní òbòkún ni kí n fi sí i, kí n má fi pańla bà á jẹ́!" Ọmọ Òkè-Àgbò ni Ọ̀gá, kòkó àti obì ló mọ̀. Gbogbo ohun tó bá ti inú omi jáde, ẹja ni ó ń jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀. "Òbòkún?" ló wí, ó sì ń wò wá lọ láti orí bẹ́ǹṣì sí bẹ́ǹṣì, títí ojú rẹ̀ fi dúró sára ọmọ kan ṣoṣo tó lè mọ òbòkún yàtọ̀ sí pańla. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹja ní í pa ẹja. Ọ̀gá ní kó lọ pe bàbá rẹ̀ wá.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán. Bàbá rẹ̀ ti búra pé bí ilé ìwé bá tún ránṣẹ́ pe òun lórí ọ̀rọ̀ sísín èèyàn jẹ, òun yóò mú un lọ sídìí àwọ̀n, ìwé sì parí nìyẹn. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọmọ tó ń fi gbogbo ohùn ayé sọ̀rọ̀ wá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti di arúgbó, ta ni mo tún fẹ́ fi ìyẹn pamọ́ fún?

Bàbá rẹ̀ dé nínú aṣọ àdúrà funfun, láìwọ bàtà, ó gbé agbọ̀n kan dání. Kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹ̀bẹ̀ wá. Níwájú gbogbo kíláàsì karùn-ún ló gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ nílé ìjẹun. Ọ̀gá bẹjú wò ó. "Irú ẹja wo nìyí, Bàbá?" Bàbá ní, "Òbòkún ni, Ọ̀gá." Ọlọ́run nìkan ló mọ bí a ṣe mú ẹ̀rín yẹn mọ́ra.

Nígbà tí Ọ̀gá sọ ẹjọ́ náà tán, ó yíjú sí ọmọ. "Ó yá, sọ̀rọ̀ bí èmi, kí bàbá rẹ gbọ́." Ọmọ tẹrí ba. Bàbá ní, "Ọ̀gá ní kí o sọ̀rọ̀. Sọ ọ́." Ó bá wúkọ́, orí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí," ló wí, ó fà á gùn bó ṣe yẹ, "ọmọ yìí ò gbọ́n. Inú ń bí mi sí i gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó ṣe ìdánwò rẹ̀."

Ẹ̀rín bú gbàù láàárín wa. Ọ̀gá fi ìwé bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, àwọn àbúrò rẹ̀ kò jẹun. Ọmọ yìí bá lọ sẹ́yìn ilé, ó fi ohùn ìyá wọn pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun. Wọ́n sáré wá, Ọ̀gá. Èmi náà sáré. Láti ọjọ́ náà ni mo ti kìlọ̀ fún un pé n kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹlòmíràn lẹ́nu rẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá lọ di ọwọ́ bàbá náà mú, ó sì bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí bàbá fi mi orí pé òun gbà. Ọmọ yóò máa fọ ìkòkò ilé ìdáná títí ìdánwò yóò fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣe é. Bàbá fi ẹja sílẹ̀, ó sì lọ wọ lọ́rì.

Mo bá ọmọ náà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tó ti ń fi iyanrìn ha ìkòkò ìkọ̀kọrẹ́. Mo retí pé yóò wúkọ́. Kò wúkọ́. Ó wò mí, ó ní, "Mo rò pé wọ́n máa mú mi lọ ni." Ó sọ ọ́ ní ohùn tí n kò gbọ́ rí, tí mo sì mọ̀ pé tirẹ̀ ni.

Ó yege. Ó di olùkọ́ ní agbègbè wọn létí omi, mo lọ sílé ọkọ, ilé ayé sì fọ́n wa ká. Nígbà tí wọ́n sìnkú rẹ̀ ní Efire, mo wọ ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù omi tó ń bà mí. Mo bi àwọn ọmọ rẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní rárá, pé ilé ni bàbá àwọn máa ń wà, ta ni yóò rò ó.

Ayé ti yí padà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ń fi fóònù gba gbogbo nǹkan sílẹ̀, títí kan ẹ̀bà tí ẹ fẹ́ jẹ. N kò bá yín jà. Ẹ gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pa yín lẹ́rìn-ín bá ti ṣeré tán, ẹ má tètè pa fóònù náà. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.

Nítorí pé títí di òní, bí mo bá dijú, mo ń gbọ́ Ọ̀gá kedere. Mo ń gbọ́ ìyá ilé ìdáná. Ẹnu ọmọ Efire ni mo ti gbọ́ gbogbo wọn. "Mo rò pé wọ́n máa mú mi lọ ni." Mo máa ń wí i fúnra mi ní ìrọ̀lẹ́, mo ń gbé ohùn sókè, mo ń gbé e sílẹ̀, bóyá n ó ṣe kòńgẹ́ ohùn tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò sọnù lára mi. Ohùn rẹ̀ ni n kò rí mọ́.