Ijó Mobilẹ́ẹ̀tì Bàbá Mi

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni mobilẹ́ẹ̀tì bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Bí àwọn ará àdúgbò wa ní Akron ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, pé ó ń jó. Bàbá á gbéra níwájú ilé, kí ó tó dé ìdí igi máńgòrò tó wà ní ìkòríta, gídọ̀n, irin ìdarí tó dì mú, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí ajọ̀ tí wọ́n fi ń jọ gàrí. Àwọn tó ń kọjá á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún un. Òun kì í wo ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ àtijọ́ ni, irú èyí tó ní pẹ́dáálì bíi kẹ̀kẹ́, tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ wà kí ó tó jí. Orí rẹ̀ ni bàbá àti ìyá mi fi ń lọ sí ọjà Avrankou láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ìyá mi ló ń ta gàrí, bàbá ló ń gbé e lọ tó sì ń gbé e bọ̀. Ìyá mi kì í ya ẹsẹ̀ jókòó lórí ẹ̀rọ. Àwọn ìyá ìgbà náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìró ni wọ́n ró, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń kọjú sí, ẹsẹ̀ méjèèjì á rọ̀ sápá òsì, àpò gàrí á wà lórí itan, ọwọ́ kan á sì di ìbàdí ọkọ mú. Báyẹn ni mo ṣe ń rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, tí ìyá mi ń sọ̀rọ̀ láìdánu dúró, tí bàbá sì ń fèsì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá kú tán, bàbá ò yéé lọ sọ́jà. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni á lọ ra gàrí tí ẹnikẹ́ni ò rán an, á gbé e wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Aránṣọ ni mí. Gàrí fẹ́rẹ̀ẹ́ lé aṣọ oníbàárà jáde fún mi. Ẹnu mi kì í sinmi, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n lórí gàrí yẹn, mo dákẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀nà Avrankou nìkan ló kù tó ń gbé bàbá mi dìde lórí ẹní.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni kò dákẹ́. Awakọ̀ akẹ́rù ni, ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lójú títì, kì í sọ ọ́ fún wa tán. Lọ́jọ́ kan ó pàdé bàbá lọ́nà Avrankou, ó rí i bí ẹ̀rọ náà ṣe jó lọ síwájú ọkọ̀ ńlá kan, tó jẹ́ pé Ọlọ́run nìkan ló yọ bàbá. Nígbà tó dé ilé, ṣéènì àti àgádágodo ló mú wá.

"Bàbá, ẹ dákun," ó ní, "ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n. Ẹ fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀."

"Ọwọ́ mi ò gbọ̀n," bàbá wí. "Ẹ̀rọ ni."

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ni, mekanisíẹ̀n á rí i, á tún un ṣe, ẹ ó sì máa gùn ún lọ. Tí kò bá rí nǹkan kan, mo máa tì í pa, Bàbá. N kò fẹ́ lọ gbé yín lójú títì."

Bàbá ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó kà á títí oúnjẹ tí mo gbé síwájú rẹ̀ fi tutù síbẹ̀.

Mekanisíẹ̀n tí a pè, ọmọ ẹ̀yà Gun ni, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè Nàgó wa ju àwọn ọmọ mi lọ, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ó dojú ẹ̀rọ délẹ̀, ó yí táyà, ó wá di ṣọ́ọ̀kì mú nítòsí irin táyà náà láti wo ibi tí yóò ti kàn án, nítorí táyà tó bá wọ́ kò lè fi ara pa mọ́ fún ṣọ́ọ̀kì. Kò kàn án. Ó di táyà mú, ó mì ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bóyá ó dẹ̀. Kò dẹ̀. Ó fọwọ́ kan àwọn wáyà táyà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo eyín ọmọ. Ó tú ọrùn gídọ̀n, ó yọ àwọn irin róbótó inú rẹ̀, ó fi tuntun sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ti àkọ́kọ́ ṣì dára. Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Lẹ́yìn náà ló gun ẹ̀rọ, ó lọ dé ìdí máńgòrò, ó jọ̀wọ́ gídọ̀n pátápátá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń kí gómìnà. Ẹ̀rọ náà lọ tààrà.

"Ara ẹ̀ le," ló wí nígbà tó bọ́ sílẹ̀.

Bàbá gba ẹ̀rọ, ó gùn ún. Kò tíì dé ìdí máńgòrò tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Nígbà tó padà dé, kò wo ojú ẹnì kankan nínú wa. Ó kàn dúró, ó di ẹ̀rọ mú bí ẹni tó di okùn ewúrẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yọ àgádágodo lápò. Mo kórìíra rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń ṣe é.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí ojú ìrán aṣọ bá wọ́, ọmọ iṣẹ́ á ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni. Èmi kì í wo abẹ́rẹ́. Ìdí ọmọ náà ni mo máa ń wò, bó ṣe jókòó lórí àga.

"Ẹ dúró ná," mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Mo yíjú sí bàbá. "Bàbá, ẹ tún un gùn. Mo fẹ́ wo ìdí yín."

Mekanisíẹ̀n bú sẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ṣùgbọ́n ó gùn ún. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀ láàárín ọ̀nà, mo sì rí i. Bàbá mi kò jókòó sáàárín. Ó rọ̀ sápá ọ̀tún, èjìká ọ̀tún wálẹ̀ ju ti òsì lọ. Ẹ̀rọ fẹ́ tẹ̀lé e sápá ibẹ̀, bàbá á fà á padà sósì, á fà á jù, á tún dá a sọ́tùn-ún. Òun ni ijó náà. Nígbà tó padà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ ìjókòó. Irin lílọ́ méjì ló gbé e dúró: ti òsì ga, ti ọ̀tún ti di pẹlẹbẹ.

Mekanisíẹ̀n ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọdún kan," ó ní. "Bàbá yìí ti pẹ́ tó ti ń rọ̀ sọ́tùn-ún. Ta ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀?"

Orí mi wú. Ìyá mi ló wúwo sápá òsì, òun àti àpò gàrí rẹ̀. Bàbá sì rọ̀ sọ́tùn-ún kí wọ́n má baà ṣubú. Ó ṣe é títí ó fi di bó ṣe ń jókòó. A sin ìyá mi, a ṣe àdúà, a pín aṣọ rẹ̀, bàbá ò sunkún lójú wa, a sì ní ọkùnrin ni. Ara rẹ̀ kò tíì gbọ́ pé obìnrin náà ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. "Ọ̀rọ̀ aránṣọ nìyẹn," ó ní.

"Ẹ gòkè sẹ́yìn Bàbá nígbà náà. Ẹ jókòó bí Màmá ṣe ń jókòó," mo dá a lóhùn.

Géńdé ni ẹ̀gbọ́n mi, ó ga, ó sanra. Ó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọ ẹsẹ̀ méjèèjì sápá òsì, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Àwọn obìnrin àdúgbò tó ń wò wá pàtẹ́wọ́, ọ̀kan ní kí wọ́n wá wo ìyàwó tuntun. Bàbá fẹsẹ̀ wa pẹ́dáálì, ẹ̀rọ náà kérora, wọ́n gbéra. Wọ́n kọjá ìdí máńgòrò. Ẹ̀rín dákẹ́. Gídọ̀n kò mì rárá. Wọ́n yí padà, wọ́n ń bọ̀ wá bá wa ní tààrà, mo sì rí i pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti di ìbàdí bàbá mú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún un. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù tó dùn. Bí bàbá àti ìyá mi ṣe máa ń bọ̀ gan-an nìyẹn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi máa bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti kún fún omi.

"O wúwo ju ìyá ẹ lọ," bàbá sọ fún un. Ó fọwọ́ kan irin ọ̀tún tó ti di pẹlẹbẹ, ó pẹ́ kí ó tó gbé ọwọ́ kúrò. "Mi ò mọ̀ pé mo ṣì ń gbé e."

Mekanisíẹ̀n ní òun lè fi irin tuntun sí i lójú ẹsẹ̀. Bàbá mirí pé rárá.

"Mo máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó sáàárín," ó ní, "kì í kàn ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ọjà Avrankou ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ta ló máa bá mi lọ nínú yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Àgádágodo ṣì wà nínú ọwọ́ náà.