Táyà Tuntun Ọkọ̀ Òkú

Ọgọ́ta là ń pè é. Bàbá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mítà ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ òkú ló ń wà, láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, kò sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ mítà kọjá ọgọ́ta rí. Ó ní ẹni tí òun gbé sẹ́yìn kò kánjú, kí ló wá ń lé òun? Ajá tó bá sùn sójú títì á jí, á na ara, á yán dáadáa, á tún kí i kó tó kúrò lọ́nà. Ojú mi ló ṣe.

Nígbà tí táyà ọkọ̀ náà dán bí orí apárí, fọkanáísà ìkóríta wá irú rẹ̀ tì. Ọ̀kan tó ga, tó sanra jù ú lọ ló rí. Ọgọ́ta fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní ọkọ̀ òun ti wá dúró bí ọlọ́lá.

Fọkanáísà ní, "Bàbá, ẹ ṣọ́ra fún mítà o. Táyà yìí tóbi. Tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ tó ń gbà ju ti àtijọ́ lọ. Mítà ò sì mọ̀yẹn, yíyí táyà nìkan ló ń kà."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní mítà? Ìgbà tí mo ti ń wò ó, o ò tíì mọ ṣòkòtò í wọ̀."

Òkú tó kọ́kọ́ gbé lẹ́yìn náà ni ọkọ ìyá kan ládùúgbò wa. Mo wà nínú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọgọ́ta tẹjú mọ́ mítà, abẹ́rẹ́ jókòó sórí ọgọ́ta jẹ́ẹ́. Àwa tí a wà lẹ́yìn ń sá eré àsápajúdé. Ọkọ̀ àbúrò olóògbé hó bí ìkòkò, ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Fìlà pásítọ̀ gba ojú fèrèsé jáde, ó sì ṣáájú pásítọ̀ dé ibi ìsìnkú. Nígbà tí a débẹ̀, àwọn agbẹ́lẹ̀ ṣì wà nínú kòtò.

"Ta ló ń lé yín?" ni wọ́n bi wá.

Ẹjọ́ dé etí ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìsìnkú tó ni ọkọ̀ náà. Òfin ibẹ̀ ni pé dírẹ́bà tó bá fi òkú sáré, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Mo bá Ọgọ́ta lọ bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá mú un jáde sójú títì, ó wa ọkọ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ òkú. Mítà Ọgọ́ta ní ọgọ́ta, ti ọ̀gá ní méjìléláàádọ́rin.

"Ọ̀gá, mítà yín ló ń yin ara rẹ̀."

"Kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀."

A padà sí ọ́fíìsì, láàárín àwọn pósí tí wọ́n ń tà. Ọgọ́ta gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Kò mọ iṣẹ́ mìíràn lábẹ́ ọ̀run. Ojú rẹ̀ rọ bí táyà tó jò.

Ìgbà yẹn gan-an ni opó náà wọlé. Ọ̀gá ti ń to ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu.

"Ṣé dírẹ́bà ọjọ́sí nìyí?"

"Òun ni, Màmá. A ti lé e."

"Ẹ lé e kẹ̀? Ọkọ mi pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó wa. Gbogbo ọmọ tí mo bí, wọ́n ti ń sunkún kó tó dé. Ibi ìsìnkú nìkan ló dé ṣáájú àwọn tó ń dúró dè é. Ẹ̀gbọ́n mi kú lánàá, irú rẹ̀ lòun náà. Dírẹ́bà yìí ni mo wá gbà."

Ọ̀gá rọra ti kọ́kọ́rọ́ padà síwájú Ọgọ́ta. Ó sọ ọ́ sí i létí: "Má fọwọ́ kan táyà yẹn o."

Inú Ọgọ́ta nìkan ni kò dùn. "Màmá, mi ò sáré lọ́jọ́ yẹn o. Ọgọ́ta ni mo wà."

"Mo ti gbọ́, àbúrò mi," ni opó náà wí. "Ṣáà tún bá mi rọra wà á bẹ́ẹ̀."