Má Mira ní Ọ̀sẹ̀ Àṣà

Alága ìlú wà lórí pèpéle, ó ń ṣí ọ̀sẹ̀ àṣà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sókè kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wọ àwọn èèyàn lára, ni ohùn kan bá ta láti ìjókòó iwájú:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má mira!"

Alága wo iwájú, ó rí ayàwòrán, ó rí pẹ́ńsù. Inú rẹ̀ dùn kọjá sísọ. Ó pa ọ̀rọ̀ tì, ó fa ikùn wọlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dúró gbagidi. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí pẹ́ńsù dáwọ́ dúró, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ wá wo ara rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tó ń sùn fọnfọn lórí àga lẹ́yìn rẹ̀ ló bá nínú ìwé.

"Èmi wá dà?"

"Ẹ ò sí níbẹ̀, sà. Ariwo yín ni mi ò fẹ́ kó jí i."

Bí Má Mira ṣe rí nìyẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Orúkọ tí òbí sọ ọ́ ti di ìgbàgbé. Ohun tó ń ké mọ́ gbogbo ayé ni wọ́n fi ń pè é. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níwájú ilé, pa ẹ̀rọ tì lọ́sẹ̀ náà, ó ń tẹ̀ lé e káàkiri. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nítòsí tí yóò máa bá a tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin wá, ẹnu nìkan ló yà: ẹnu ńlá, ẹnu ṣóńṣó, ẹnu tó ṣi orin kọ. Màmá tó ń darí wọn gba ìwé, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Imú mi ńkọ́?"

"Imú yín ò kọrin, mà."

Aránṣọ kúnlẹ̀ láti bẹ̀bẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde.

Ti eré orí ìtàgé ló burú jù. Wọ́n ń sunkún òkú lọ́wọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ń nu ojú, ni òkú bá rọra yí orí sí Má Mira, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ̀gbẹ́ yìí ni mo ti wuyì." Opó tó ń yílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó kọ eré náà nìkan ló sunkún délé.

Nígbà tí àṣekágbá ku ọ̀la ni ọ̀ràn wá le. Akọ̀wé alága wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní bí kò bá sí àwòrán alága, Má Mira kò ní gbé nǹkan kan kọ́ ògiri gbọ̀ngàn tí wọ́n fẹ́ pàtẹ àwòrán sí. Láti ọjọ́ tí ọkọ aránṣọ ti ń yàwòrán, ògiri yàrá wọn nìkan ló gba àwòrán rẹ̀ rí.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ya ọkùnrin yẹn, jàre. Kí ló le níbẹ̀?"

"Mo ti wò ó títí. Mi ò tíì rí i."

Aránṣọ padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń lé olè. Má Mira gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń wí. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọrí sí ọ́fíìsì alága.

Alága gbé àgbọ̀n sókè. Pẹ́ńsù ò mira. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Pẹ́ńsù ò mira. Nígbà tó sú u, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé orúnkún, ó ń fọwọ́ ra á, ó mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tí wọ́n bá lára ògiri lọ́jọ́ kejì nìyẹn: ọkùnrin kan tó ti rẹ̀, tó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀. Aránṣọ ń wá ilẹ̀ tí yóò lanu gbé òun mì. Alága wò ó, ó tún wò ó. Ìyàwó alága ló sún mọ́ àwòrán náà, tí ojú rẹ̀ rọ̀.

"Ẹni tó ń bá mi gbélé rèé," ló wí. "Mi ò mọ ẹni tó wà nínú pósítà tí wọ́n lẹ̀ káàkiri ìlú yẹn rárá."

Alága bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé e lọ sílé, ó fi kọ́ pálọ̀.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá Má Mira dúbúlẹ̀ sí wọ́ọ̀dù, àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ ló ń yà. Dírẹ́bà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Má Mira yà á ní ìdúró, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́.

"Bàbá, irọ́ lẹ yà yìí. Ìdùbúlẹ̀ ni mo wà."

"Kì í ṣe irọ́. Ìwọ lo ń pẹ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú, dírẹ́bà náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, àwòrán lọ́wọ́, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un bó ṣe ṣẹlẹ̀. Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé orí lé ẹ̀rọ. Nígbà tó gbé e sókè, omijé ti rin ojú rẹ̀. Ó kó aṣọ kúrò lórí àga kan.

"Jókòó, ọmọ mi. Tún un sọ fún mi. Má sáré sọ ọ́."