Ó Wọlé, Àmọ́ Kò Bá A Mu

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì kì í fẹ́ gbọ́ "ó wọlé" rárá. Ọjọ́ kẹta tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Ìdànrè, mo ki fílítà afẹ́fẹ́ bọ inú ọkọ̀ kan, mo sì fi ìdùnnú ké pé, "Ọ̀gá, ó wọlé!" Ó fi ẹnu Ìdànrè bú mi dáadáa kó tó wá sọ èyí tí n kò gbàgbé: "Olè náà máa ń wọlé. Ṣé ó bá a mu ni mo ń bi ọ́."

Fílítà yìí kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú. Bébà tí wọ́n ṣẹ́ léra wọn ni, rọ́bà wà létí rẹ̀ yíká. Òun ló ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ tí íńjìnnì ń mí sínú. Íńjìnnì tó bá ń mu eruku dà bí ẹni tó ń jẹ gàrí oníyanrìn lójoojúmọ́: eyín ló máa kọ́kọ́ lọ.

Oríjíná ni èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ṣe fún un. Èyí tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ni mo ń pè ní àfirọ́pò. N kò ní parọ́ mọ́ àfirọ́pò. Mo ti rí èyí tí bébà rẹ̀ nípọn ju ti oríjíná lọ, mo sì ti rí oríjíná tó jẹ́ pé páálí rẹ̀ nìkan ni oríjíná. Rọ́bà etí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Bí kò bá jókòó rẹ́gí yíká, ẹ má fi sí i, orúkọ yòówù tí wọn ìbáà kọ sí i lára. Mo mọ èyí fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo sì tún ṣe ohun tí mo ṣe.

Bàbá Akíntádé ní oko kòkó sí ọ̀nà Òfosù. Píkọ́ọ̀pù onídísù wọn nìkan ló ń wọ abà oko náà. Òun ló ń kó kòkó jáde, òun náà ló ń gbé aláboyún àti aláìsàn. Ráfíù, ará Ìsẹ́yìn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lóko, máa ń tẹ̀lé wọn wá sí gáréèjì mi. Kò ní tíì sọ̀kalẹ̀ tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́.

"Ìyá Onísípánà! Ẹ bá mi wá ìyàwó kejì tó mọ ọkọ̀ tún ṣe."

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé o ti tọ́jú ìyẹn tán?"

Yóò rẹ́rìn-ín títí, yóò sì gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó mú bọ̀ fún mi sílẹ̀.

Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, eruku pupa bo ojú ọ̀nà oko. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Bàbá gbé ọkọ̀ wá, fílítà rẹ̀ ti ya. Àkúrẹ́ ni oríjíná ti máa wá, kò sì lè dé kí ó tó di Mọ́ńdè.

"Ọmọ mi, kòkó ti gbẹ, àwọn tó fẹ́ gbé e ti ń dúró," ni Bàbá wí. "Wá nǹkan ṣe sí i."

Àfirọ́pò kan ṣoṣo tí mo rí nígboro kúrú lápá kan, àmọ́ àlàfo rẹ̀ kò ju ìbú èékánná lọ. Mo gé fóòmù lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́, mo fi dí àlàfo náà, mo dé ìdérí rẹ̀ pa. Kò sí gáréèjì tí a kì í ti í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Bàbá bi mí bóyá ó ti tán.

"Ó wọlé, Bàbá," ni mo dáhùn.

Mo ní kí wọ́n padà wá ní Mọ́ńdè. Wọn kò wá. Oríjíná dé, mo gbé e sórí pẹpẹ, fóònù wà lọ́wọ́ mi, n kò sì pè wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, oká bu Ráfíù ṣán lábẹ́ igi kòkó. Wọ́n gbé e sínú píkọ́ọ̀pù. Ní orí òkè kan, kí wọ́n tó dé títì ọlọ́dà, ọkọ̀ náà rú èéfín, ó kú, kò sì jí mọ́. Wọ́n gbé Ráfíù lé èjìká, wọ́n ń sáré. Ó kú létí títì kí wọ́n tó rí ọ̀kadà, ní ọ̀sán gangan.

Wọ́n fa ọkọ̀ náà wá fún mi. "Íńjìnnì ti gbó," ni Bàbá wí. "Bí Ọlọ́run ṣe kọ ọ́ nìyẹn."

Mo tú ilé fílítà. Fóòmù náà ti yẹ̀. Nínú páìpù tó kọjá fílítà, níbi tí eruku kò gbọdọ̀ dé, erùpẹ̀ pupa wà níbẹ̀, ó kúnná bí àtíkè. Bàbá ti gbé àwíjàre lé mi lọ́wọ́. Ẹnu mi nìkan ni mo ní láti pa mọ́. Mo pè wọ́n, mo fi hàn wọ́n.

"Eruku ló pa á, sà. Fóòmù tí mo fi dí i ló yẹ̀."

Bàbá fi ìka kan erùpẹ̀ náà. "Ṣebí o ní ó wọlé?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n lọ. Ẹlòmíràn ló ń tún ọkọ̀ wọn ṣe báyìí.

Ìyàwó Ráfíù wá láti Ìsẹ́yìn wá kó ẹrù rẹ̀, ó sì yà lọ́dọ̀ mi. "Ó máa ń sọ̀rọ̀ yín," ó ní. "Ó ní iṣẹ́ yín dájú."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi ju èébú lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo, kò ṣépè. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí fóòmù náà. Mo já a lára ìṣó tí mo fi kọ́ ọ sára ògiri gáréèjì, mo fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e.

"Báyìí náà ló ṣe fúyẹ́?" ló bi mí.