Irin Tó Wọṣọ Níwájú Ilé Mi

Mo rántí ìgbà tí òórùn gírísì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọmọ mi obìnrin wọlé. Ọjọ́ Sátidé ni, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti lé ní ìṣẹ́jú méje. Ó wọlé pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, ìpẹtà lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lẹ́nu, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. A ti rí ojú irin!" Mo bi í bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí mo ṣe kí ìròyìn ayọ̀ náà káàbọ̀ nìyẹn.

Télọ̀ ni mí, ní ìpẹ̀kun Ìkẹ́rẹ́, níbi tí títì ti ń di ọ̀nà oko. Mo ka ìwé girama parí, mo sì kọ́ iṣẹ́ tí kò fàyè gba "bóyá". Bí ọrùn ẹ̀wù bá fi íńṣì kan yẹ̀, gbogbo ìjọ ló máa rí i lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí mo ṣe ń wọn aṣọ ni mo ṣe ń wọn ewu náà. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti ìyàwó mi lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tí a ti ń retí, ojú sì ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri, mo mú téèpù, mo wọn gọ́tà iwájú ilé wa. Ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́rin. Mo wọn ọmọ náà. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì àti íńṣì mẹ́jọ. Mo yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku íńṣì mẹ́jọ. Mo tún un yọ, íńṣì mẹ́jọ náà ni.

Irin gígùn kan wà lẹ́yìnkùlé tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú. Mi ò bi í rí níbi tó ti rí i. Mo pe àwọn bíríkìlà, wọ́n mọ òpó búlọ́ọ̀kù kúkúrú mẹ́ta sétí gọ́tà, a gbé irin náà lé wọn lórí, a sì fi sìmẹ́ńtì dè é. Ọjọ́ kejì ni ọmọ náà fi iwájú orí gbá irin tí mo fi gbà á lọ́wọ́ gọ́tà. Ni mo bá gé fóòmù, mo fi wé irin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì rán aṣọ lé e lórí. Láti ìgbà yẹn ó di àga. Orí rẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi máa ń jókòó sí dúró de aṣọ wọn. Ní ọdún méjì-méjì mo máa ń rán ẹ̀wù tuntun fún un, lé orí ti àtijọ́. Nígbà tí ọmọ náà fi máa pé ọdún méjìdínlógún, àga náà ti wọ ẹ̀wù mẹ́sàn-án, èmi fúnra mi sì ti gbàgbé pé irin ni. Ọmọ mi kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ní irin rí. Àga bàbá rẹ̀ ló mọ̀.

Ojú irin tí ọmọ mi ń sọ ni ti sọ́míìlì kan tó wà nínú igbó lápá ọ̀nà Ẹmùré láyé àwọn bàbá wa. Kì í ṣe rélùwéè tí èrò ń wọ̀. Ọmọlanke onípákó ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, ó ń yí lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì láti sọ́míìlì títí dé etí odò, òun ni wọ́n fi ń kó gẹdú. Nígbà tí sọ́míìlì náà kógbá sílé, igbó bo ojú irin, ẹni tó bá sì nílò irin a lọ hú ìwọ̀n tó wù ú. Kò sẹ́ni tó pè é lólè. Ìgbà tí tíṣà àgbà kan fẹ̀yìn tì, tí ìyàwó rẹ̀ kò fẹ́ kó máa jókòó sílé pàṣẹ fún adìyẹ, ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ pé kí a so ojú irin náà pọ̀ padà, kí àwọn ọmọdé lè gùn ún, kí wọ́n rí bí àwọn bàbá ńlá wọn ṣe ṣiṣẹ́. Kò sí owó oṣù ńbẹ̀. Ẹni tó bá ti mú àdá àti ẹ̀bà tirẹ̀ wá ní Sátidé ti di ọmọ ẹgbẹ́.

Ọmọ mi ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì nígbà náà. Òun ló tún ẹsẹ̀ ọmọlanke ṣe tó fi yí, òun ló tún bíréèkì rẹ̀ ṣe tó fi mú. Ni Tíṣà Àgbà bá kéde pé òun ni yóò di bíréèkì mú lọ́jọ́ tí a bá ṣí ojú irin, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti sọ́míìlì dé odò. Bíréèkì. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Odò. Nígbà tí ọmọ mi sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí pọ̀ nídìí oúnjẹ, mo gbé àwo mi tì.

Sátidé tó tẹ̀lé e, mo dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́. Mo mú téèpù, mo mú agboòrùn, mo mú bándéèjì. Mo ń wọn àlàfo àárín irin méjèèjì ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹsẹ̀ bàtà méjì géérégé ló yẹ kó jẹ́. Níbì kan ó fi ààbọ̀ íńṣì lé, mo sì ní kí wọ́n tú u.

Wẹ́dà ẹgbẹ́ wa, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ mú ju iná iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ju sípánà sílẹ̀. "Bàbá Télọ̀, ṣé súútù lẹ fẹ́ rán fún un ni?"

Mo dá a lóhùn pé, "Súútù tí kò bá bára mu kì í pa èèyàn."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọ mi fi fìlà bo ojú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn wọ́n fún mi ní ìwé ìwọ̀n ẹgbẹ́. Gbogbo ìwọ̀n ojú irin náà, ọwọ́ mi ló wà.

Nígbà tí òjò máa fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo ojú irin ti so pọ̀ tán àfi ojú kan, lókè kọ́nà tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò. Irin kan ṣoṣo ló dín, lápá òsì. Wọ́n ní kí n wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún àti íńṣì mẹ́wàá. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń ṣe mí bíi pé mo ti rán aṣọ fún oníbàárà yìí rí. Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé iṣẹ́ mi àtijọ́. Ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé mi: "Aṣọ àga iwájú ilé. Gígùn: ẹsẹ̀ bàtà 17, íńṣì 10." Mo jókòó. Orí irin náà ni mo jókòó sí.

Mo pa ẹnu mọ́. Ìṣirò mi kò lọ́jú pọ̀: bí kò bá sí irin, kò sí ìrìn, bí kò bá sí ìrìn, kò sẹ́ni tó máa fi ọmọ mi sórí bíréèkì lọ sí odò. Mo ra aṣọ búlúù tó nípọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹ̀wù kẹwàá. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Ẹ̀wù tọdún tó ń bọ̀ lẹ ń rán fún àga yìí," ló wí. "Àbí òtútù ń mú un ni?"

Mo ní ó ti ṣá. Ó ní òun kò sọ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èmi, òun nìkan ló rántí ohun tó wà nínú àga náà, ó sì fẹ́ wo bí mo ṣe máa ṣe é.

Wọ́n wá irin náà láti ilé dé ilé. Ìjọ kan tú agogo rẹ̀ sílẹ̀ lára igi máńgòrò, nítorí irin sọ́míìlì náà ni wọ́n ti ń lù bí agogo látọjọ́ yìí. Ìyá àgbà kan yọ òpó abà iṣu rẹ̀. Kò sí èyí tó gùn tó. Níkẹyìn wọ́n pe ìpàdé síwájú ilé mi, nítorí pé èmi ni mo ní àga gígùn. Àwọn mẹ́jọ jókòó tẹ̀ léra lórí irin tí wọ́n ń wá. Bàbá Onírin wà láàárín wọn, àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tó bá wọn tẹ́ ojú irin náà nígbà èwe rẹ̀.

Tíṣà Àgbà fi ọwọ́ gbá àga. "Irin yìí kò jìnnà sí wa. Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó—"

"Omi rèé, sà!" ni mo pariwo. Ife omi kan ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo fi èkejì sí i lọ́wọ́ kejì.

Bàbá Onírin sún ìdí síwájú, ó sún un sẹ́yìn. "Télọ̀, àga rẹ yìí le o. Kí lo kì sí i nínú?"

"Fóòmù ni, bàbá."

"Háà. Fóòmù ulé rẹ le ju urin lọ."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n bèèrè ohun tó ṣe é, ó ní ata ló sá pá òun lórí.

Wẹ́dà ló wá rí ọ̀nà àbáyọ, ìyẹn ló sì kó mi sí wàhálà. Ó ní òun á jó agogo ìjọ, òpó abà iṣu àti irin ilé ewúrẹ́ kan pọ̀ di ọ̀kan. Ó ṣe é. Nígbà tí wọ́n dè é mọ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ìka tọ́ orí rẹ̀. Irin mẹ́ta náà kò ga bákan náà. Níbi oríkèé kejì, èyí tó kàn kọ́nà, ọ̀kan yọ sókè ju èkejì lọ, ó tó ìdá mẹ́rin íńṣì. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ààbọ̀ íńṣì ni mo máa ń sọ tẹ́lẹ̀, nǹkan ń dára sí i. Tíṣà Àgbà ní kí á kó àpò iyanrìn mẹ́fà sínú ọmọlanke, kí á fi dán ojú irin wò láàárọ̀ Sátidé. Ọmọ mi ní òun ni yóò gun ún, nítorí ẹlòmíràn kò mọ ọwọ́ bíréèkì náà.

Èmi tí mo fi irin pamọ́ kí ọmọ mi má baà gun ọmọlanke, mo wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo ń wò ó bó ṣe ń gun ọmọlanke lórí irin tí kò dára. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán ẹ̀wù ewu fún un, ó sì bá a mu. Ó di bíréèkì mú. Wẹ́dà fẹ́ yọ òkúta tí wọ́n fi dá ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró.

"Ẹ dúró!" ni mo ké.

"Ààbọ̀ íńṣì tún ti dé," ni Wẹ́dà wí.

"Irin tí ẹ ń wá wà nílé mi. Òun ni àga. Gbogbo yín lẹ ti jókòó lé e."

Bàbá Onírin na ọ̀pá rẹ̀ sókè, inú rẹ̀ dùn bíi pé wọ́n dá a láre nílé ẹjọ́. "Mo sọ ọ́! Ìdí mi mọ urin!"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá síwájú mi. "Bàámi, láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ mẹ́rin."

Ó yí padà, ó sì bá àwọn yòókù rìn dé ilé wa. Kò bá mi rìn. Ọ̀nà ibẹ̀ kò ju ìrìn ogójì ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì rin ọ̀nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wẹ́dà fẹ́ fi àdá la àga náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n tú u bí mo ṣe rán an. Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú àlùmọ́gàjí, mo ń tú òwú. Aṣọ búlúù kúrò. Nísàlẹ̀, aṣọ tó ṣẹ́ kù lára yunifọ́ọ̀mù girama ọmọ mi ló yọ. Nísàlẹ̀ ìyẹn, ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, aṣọ olódòdó tí mo fi rán ẹ̀wù ìkómọ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí ọmọ mi jókòó tì mí. Ó gba aṣọ ìkẹyìn yẹn lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi sápò. Lẹ́yìn náà ló fi èékánná ha irin tó wà lábẹ́ fóòmù. Ó ti dípẹtà pupa fòò, ó ń bọ́ èèpá.

"Bàámi," ló wí, "ẹ fi aṣọ bò ó títí ó fi dípẹtà." Ṣùgbọ́n ó ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wẹ́dà fi òòlù kan irin náà, ó dún gbọnrangandan. Ó ní inú rẹ̀ ṣì le.

Ó wọ àyè rẹ̀ bí bọ́tìnnì ṣe ń wọ ihò. Lọ́jọ́ tí a ṣí ojú irin, mo ti rán bẹ́líìtì fún ìjókòó ọmọ mi, mo sì mú àsíá pupa, mo ń rìn níwájú ọmọlanke láti lé ewu. Àwọn ọmọdé mẹ́fà wà nínú rẹ̀, Bàbá Onírin jókòó láàárín wọn. A ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ kan fi yà wá sílẹ̀, tó sì bojú wẹ̀yìn.

"Bàámi!" ni ọmọ mi ké láti orí bíréèkì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lójú irin! Nínú gbogbo ewu tó wà lọ́nà yìí, ẹ̀yin nìkan ni mò ń tẹ bíréèkì fún!"

Mo kúrò. Ọmọlanke náà kọjá lára mi, ó gba kọ́nà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì dúró jẹ́ẹ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlá sí odò. Mo wọ̀n ọ́n.

Ọmọ mi ti di olùkọ́ ní Òde-Èkìtì báyìí. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù ló máa ń wá di bíréèkì mú, òórùn gírísì sì tún ń bá a wọlé. Ní ti gọ́tà iwájú ilé wa, láti ìgbà tí mo ti ń ṣọ́ ọ, ẹnì kan ṣoṣo ló já sí i rí. Èmi ni. Ọ̀sẹ̀ kejì tí irin kúrò, mo gbé ife tíì jáde, mo sì jókòó síbi tí mo ti ń jókòó sí. Ọmọ mi pè mí lórí fóònù nígbà tí ìyá rẹ̀ rò fún un. Kò bèèrè bóyá mo fara pa. Ó ní, "Bàámi, báwo ló ṣe jìn tó?" Mo sọ fún un: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì méjì, nítorí iyanrìn ti dí íńṣì méjì níbẹ̀.

Nígbà mìíràn, kí ọmọlanke tó gbéra, mo máa ń lọ bẹ̀rẹ̀ sídìí irin náà lókè kọ́nà. Òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan bò ó. Orí rẹ̀ ń dán bíi dígí níbi tí ẹsẹ̀ ọmọlanke ti ń yí kọjá. Mo máa ń fi ìka tọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàdínlógún àti íńṣì mẹ́wàá rẹ̀, mo ń wá ìpẹtà. Mi ò tíì rí i.